Ìrìn-Àjò Mi sí Òkè Èédú Nítorí Ooru Ara Ẹfúnwùmí

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí, kó máa bó o lọ. Etí yín ni mo fẹ́ yá, n kò yá ọwọ́. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó tètè lọ sùn sílé ìyá rẹ̀, torí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò fẹ́ràn ẹni tó ń hanrun. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mò ń sọ̀rọ̀, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó ki ìrù bọ abẹ́, ọdẹ tí àmọ̀tẹ́kùn pàdé lọ́nà tó ní òun ṣèèṣì yà síbẹ̀ ni.

Ọ̀ṣúnlékè, àbúrò ìyàwó mi, jókòó síwájú, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu tán.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kí ẹ tó pa ẹfọ̀n kankan fún wa, ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí. Ọ̀sán gangan rèé. Adìẹ pàápàá ti sá wọ abẹ́ àká. Ẹ̀yin wá da kíjìpá méjì bora, ẹ tún jókòó ti iná. Ṣé ibà ni, àbí fáàrí?"

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ náà! Ṣùgbọ́n n kò bá a jà, torí ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni ìtàn mi. Ìlà kan, nínú èyí tí wọ́n fi ń wọn ooru, ló dín lára ooru mi. Mo mọ ẹni tí ìlà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní kó dá a padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé amọ̀kòkò ni Ẹfúnwùmí ìyàwó mi. Ìkòkò tirẹ̀ nípọn, kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rà lóde òní tí yóò fọ́ bí ènìyàn bá wò ó ní ìwò ìbínú. Lọ́jọ́ kan ó lọ wa amọ̀ ní Igbó Ìdákẹ́, ó bá òkìtì funfun kan níbẹ̀ tó ń dán bí iyọ̀. Ó rò pé yóò mú kí ìkòkò òun mọ́ lára. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó dà á sínú omi tó fẹ́ fi po amọ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń rò ó. Bí iyọ̀ náà ti ń yọ́ ni omi ń tutù. Ọyẹ́ kò jà, òjò kò rọ̀, omi sáà ń tutù ni! Ìgbà tí iyọ̀ yóò fi yọ́ tán sínú omi, ooru ti tán lára Ẹfúnwùmí.

Wọ́n gbé e wálé fún mi. Mo gbé e sínú oòrùn, ó ń gbọ̀n. Mo dáná sí ọ̀tún rẹ̀, iná kú. Mo dáná sí òsì rẹ̀, iná kú. Mo dì mọ́ ọn, ó dàbí ìgbà tí mo dì mọ́ àpáta àbàtà. Ara rẹ̀ ti dì pa, kò sí ojú ọ̀nà tí ooru ilé lè gbà wọ ibẹ̀.

Ó ní, "Baálé mi, ìka ẹsẹ̀ mi ti di òkúta o."

Mo fi ọwọ́ kàn án. Òkúta ni lóòótọ́! Òkúta náà sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń gòkè lára aṣọ. Ó ti dé kókósẹ̀. Bó bá dé ọkàn, mo ti di opó ọkùnrin nìyẹn. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo ní, "Ẹfún, má kú. Mò ń bọ̀."

Ó ní, "Ẹ tètè bọ̀ nìkan ni, ẹ má dúró pa ẹran kankan."

Mo wọ Igbó Ìdákẹ́. Igbó tí ẹyẹ ti ń ya ẹnu tí ohùn kì í jáde. Níbi òkìtì funfun náà ni mo ti bá Iwin Iyọ̀, ó ga bí àràbà, ó funfun, ara rẹ̀ ń kán tó-tó-tó. N kò kí i, n kò bi í. Mo yìnbọn sí i ní àyà gbàà! Ẹ̀yin ará mi, ọta ìbọn mi kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi di yìnyín, ó sì jábọ́ sílẹ̀ bí ẹyin alángbá. Ẹ má sọ pé mo sá o. Mo kàn sáré padà sẹ́yìn gan-an kí n lè rí gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Láti ẹ̀yìn igi tí mo wà, mo kígbe, "Ìwọ olè yìí, dá ooru ìyàwó mi padà!"

Iwin náà sọ̀rọ̀, òtútù jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìkùukùu. "Ìlà méjìlá ni mo mu lára rẹ̀. Kò sí nínú mi mọ́."

"Níbo ni ó lọ?"

"Mo fi yọ́ ni. Ṣé lásán ni iyọ̀ ń tú ká lójú tìrẹ? Gbogbo hóró ara mi ló so mọ́ ara wọn. Ohun tó bá fẹ́ já ìdè gbọ́dọ̀ gba ooru. Kò sí ibi tí a ti ń já ìdè lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ìdè tuntun bá ti ń so ni ooru ti ń jáde. Tó o bá ń wá ooru, kò sí lọ́dọ̀ èmi. Lọ sí Òkè Èédú, kí o bá Olóoru, ọba ibẹ̀. Ìdè tuntun ni wọ́n ń so níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀, ó sín. Atẹ́gùn ìsín rẹ̀ gbé mi kúrò ní Igbó Ìdákẹ́, ó ju mí sórí òkè dúdú kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí yanrìn níbẹ̀, kò sí koríko. Èédú ni ilẹ̀, èédú ni àpáta, èédú ni igi tó dúró. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìlú kan wà tó ń tàn yòò. Ní àárín òkè, ìkùukùu kan bo ibì kan mọ́lẹ̀, n kò sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn iwin tó ń ṣọ́ orí òkè kò fi àyè sílẹ̀ fún ìkíni. Wọ́n fún mi ní ẹyọ èédú kan àti akèrègbè omi. Wọ́n ní òfin ìlú ni pé ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, èédú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jóná tán lọ́nà, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú omi tó gbé lórí, wọn yóò sì wọn omi náà ní ẹnubodè. Ẹni tó bá jí ooru, wọn yóò sọ òun náà di èédú. Ọ̀nà méjì ló sì wà: ọ̀kan là wálẹ̀ gbọnrangandan, èkejì wé mọ́ òkè bí òjòlá, ó gba inú ìkùukùu àárín kọjá.

Ẹ mọ̀ mí, n kò lè rìn kí ènìyàn má mọ̀ pé ọkùnrin ń kọjá. Mo ní akèrègbè kan kéré sí orí mi, kí wọ́n gbé méjì rù mí. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbé méjì rù mí. Mo gba ọ̀nà gbọnrangandan. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ìdí ni mo fi rin ìyókù. Èédú mi gba iná lọ́wọ́ mi, ó ń jó pupa fòò, omi ń gbóná lórí mi, ìdí mi náà ń gbóná nísàlẹ̀, àfi gbì! ní ẹnubodè.

Ìyá arúgbó iwin kan gba ọ̀nà tó wé mọ́ òkè, akèrègbè kan ló rù. Nígbà tó ń wọ inú ìkùukùu, èédú rẹ̀ ń jó pupa, ó sì na ẹnu àpò awọ kan sí i láti gbá èéfín rẹ̀ jọ. Nígbà tó yọ sí ìsàlẹ̀ ìkùukùu, èédú ti tán, ó ṣáná sí ẹnu àpò náà, iná aláwọ̀ aró sì yọ, ó rọra ń jó títí ó fi tán. Ó fara balẹ̀ dé bá wa, kò tilẹ̀ mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọmọ́ńlé pupa kan ló ń wọn omi ní ẹnubodè. Agùnọ̀pá ni orúkọ rẹ̀. Wọn yóò ki ọ̀pá tí wọ́n fá ìlà sí lára bọ inú omi, Agùnọ̀pá yóò sì rọ̀ mọ́ ọn. Bí omi bá ti gbóná tó ni yóò gùn tó. Kò lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì lè dín in kù. Ó wọ omi ìyá arúgbó, ó gùn ún dé ìlà kẹrìnlá. Ó wọ tèmi. Ó gun ìlà kẹta, ó gun ìkarùn-ún, ó dé ìkeje, ó dúró.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ hó lé mi lórí. "Olè! Ìlà méje ti sọnù! Ẹ sọ ọ́ di èédú!"

Mo ti ń kí ìdílé mi pé ó dàbọ̀ nígbà tí mo rí i pé omi gbígbóná náà ń ni ọmọ́ńlé kékeré náà lára. Mo fi ọwọ́ fà á jáde, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i ní ikùn. Ó ṣẹ́jú, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí, ṣé ẹ ń wo orí ni àbí ẹ ń wo ohun tí orí rù? Akèrègbè méjì ni. Ooru kan náà tó bá wọ omi ìlọ́po méjì, ìdajì ni yóò gbé mi gùn. Ìlà méje lọ́nà méjì, mélòó ni?"

Wọ́n ka ìka ọwọ́, wọ́n ka ti ẹsẹ̀. Mẹ́rìnlá!

Ẹnu yà mí. Mo wo ìyá arúgbó, mo wo ara mi. Èmi fi ìdí wálẹ̀ bí òkúta, òun rìn bí ìyàwó tuntun. Èédú tèmi jó lẹ́ẹ̀kan, tirẹ̀ jó lẹ́ẹ̀mejì, iná pupa lọ́tọ̀, iná aláwọ̀ aró lọ́tọ̀. Ibi kan náà la ti gbéra, ibi kan náà la sì dé, ooru wa kò fi hóró kan ju ara wọn lọ. Ta ló jókòó ti òkè yìí tó ń ka ooru gbogbo iná ayé, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọ̀nà rẹ́ ẹ jẹ? Mo ṣí fìlà.

Wọ́n mú mi lọ bá Olóoru. Ikùn ọba náà mọ́ gaara bí dígí, ẹ sì lè rí ẹ̀yinná tó ń mí nínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rojọ́ Ẹfúnwùmí fún un.

Ó ní, "Ọdẹ, èédú wà. Ṣùgbọ́n gbọ́ àdéhùn mi. Èédú ni màá fún ọ, èéfín rẹ̀ ni tèmi. Àárín ọ̀nà ni yóò jó dé lọ́dọ̀ rẹ, kò ní jó tán. Agùnọ̀pá yóò bá ọ lọ, yóò kó èéfín ààbọ̀ náà padà fún mi nínú àpò, torí èéfín náà ni a fi ń tan ìlú yìí. Má dá a nínú yàrá o! Èéfín yẹn kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó bá fà á sínú kò ní jí. Gbangba ìta ni kí o lò ó. Ó yá, ẹyọ mélòó ni o ń fẹ́? Bó bá dín, ìyàwó rẹ á di òkúta. Bó bá lé, yóò hó bí ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o lè tọrọ."

"Kábíyèsí, ìlà mélòó ni ẹyọ kan ń mú jáde bó bá jó dé àárín?"

Ọba ní, "Ohun tí n kò mọ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò tíì dá ọ̀nà òkè sí àárín wọ̀n rí. Bí èédú bá ti wọ inú ìkùukùu, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ti yọ́ kẹ́lẹ́ jó kọjá, omi á sì parọ́. Ohun méjì la mọ̀. Láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, mẹ́rìnlá ni. Iná aláwọ̀ aró láti àárín dé ìsàlẹ̀, mẹ́wàá ni, mo ti wọ̀n ọ́n fúnra mi."

Orí mi yá gágá. Nọ́ńbà méjì rèé, kí ni ìṣòro ibẹ̀? Mo ro mẹ́rìnlá pọ̀ mọ́ mẹ́wàá, ó di mẹ́rìnlélógún. Mo ṣánpá, mo la ẹnu kí n ké e síta bí akọni, nígbà tí nǹkan tútù bo ẹnu mi pàtì. Agùnọ̀pá ni! Ó ti fò mọ́ ètè mi.

Ó sọ̀rọ̀ sí mi nímú wúyẹ́wúyẹ́. "Ọdẹ, báwo ni òkè sí àárín ṣe fẹ́ jìn ju òkè sí ìsàlẹ̀ lọ? Ṣé ibi tó o ti kọ́ ọdẹ, orí igi ga ju ọ̀run lọ ni?"

Mo pa ẹnu dé. Mo bá fi ọkàn rìn ín. Mo gbéra láti orí òkè, mo fi ìdí yọ̀ dé ìsàlẹ̀: mo rí mẹ́rìnlá gbà. Àárín ni mò ń lọ o, mo ti kọjá rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ yí padà, kí n gun òkè lọ sí àárín. Ọ̀nà àárín sí ìsàlẹ̀ ń fúnni ní mẹ́wàá. Bí mo bá kọjú òdì sí i ńkọ́? Yóò gba mẹ́wàá lọ́wọ́ mi! Ọ̀nà tó fúnni nígbà àlọ ni yóò gbà á padà nígbà àbọ̀. Mẹ́rìnlá dín mẹ́wàá.

"Mẹ́rin, Kábíyèsí!" Ohùn mi mi òrùlé. "Ìlà mẹ́rin ni ẹyọ kan ń mú jáde. Méjìlá ni ìyàwó mi ń fẹ́. Ẹ fún mi ní ẹyọ mẹ́ta!"

Ẹ̀yinná inú ọba dúró, kò mí. Lẹ́yìn náà ó tàn bí oòrùn méjì. Iwin ńlá, iwin kékeré, gbogbo wọn kúnlẹ̀ kọjú sí ìkùukùu àárín òkè, wọ́n ń wò ó bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dúró sí rí, a ti mọ bó ṣe ga tó. Èmi fúnra mi kúnlẹ̀. Mo ti pa erin, n kò kúnlẹ̀ fún erin.

Wọ́n di ẹyọ mẹ́ta fún mi nínú ewé. Mo gbà á, mo yẹ̀ ẹ́ wò, àṣà ilé sì gbé mi, mo na ọwọ́ mìíràn. Mo ní, "Kábíyèsí, ènì mi ńkọ́?"

Páà! Abọ́ jábọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìyá arúgbó ẹnubodè náà káwọ́ lérí.

Ọba ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ènì ni, Kábíyèsí. Bí a bá ra nǹkan tán lọ́dọ̀ wa, wọ́n á bu díẹ̀ lé e."

"Láti ibo ni díẹ̀ náà ti ń wá?"

Mo ká ọwọ́ mi padà. Ọba rẹ́rìn-ín, iná ta jáde nímú rẹ̀. "Ènì kò sí nínú ooru, ọdẹ. Kò sí ẹni tó lè bu lé e, kò sí ẹni tó lè bù ú sọnù. Bó o bá délé tó o rí i pé ó dín, má wá bú mi. Wá ibi tó sá sí."

Agùnọ̀pá jókòó sí fìlà mi, a padà sílé. Ẹ má bi mí nípa ọ̀nà àbọ̀. Ojú mi kò rí nǹkan kan àfi ìyàwó mi. Ìgbà tí mo dé, òkúta ti dé ìgbáàyà rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kan ọkàn. Ẹnu àti apá rẹ̀ nìkan ló kù. Mo gbé e sí gbangba, mo kó ẹyọ mẹ́ta náà sínú ìkòkò rẹ̀ kan tó nípọn jù, mo ṣáná sí i, mo sún un mọ́ ọn. Èédú ń jó, Agùnọ̀pá ń fi ìrù gbá èéfín ààbọ̀ sínú àpò. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ẹfúnwùmí lára. Òkúta kúrò láyà, ó kúrò níkùn, ó kúrò nítan. Èédú jóná tán. Mo ti ń ki ijó mọ́lẹ̀.

Agùnọ̀pá ki ọ̀pá sí abíyá Ẹfúnwùmí, ó gùn ún. Ó dúró. Ó wò mí.

"Mẹ́jọ," ó ní.

"Mẹ́jọ báwo?"

"Mẹ́jọ ni mo gùn. Mẹ́rin kò dé."

Mo wo ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Òkúta ṣì wà láti orúnkún dé ìka, ó sì tún ti ń gòkè. Ta ló jí ìlà mẹ́rin? Inú ìkòkò kò ní nǹkan kan mọ́ àfi eérú. Ìbínú gbé mi. Mo gbá ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé ọmọ odó sókè láti fọ́ ọ yángá.

"Baálé mi, ẹ má fọ́ ọ!"

Ẹfúnwùmí ni. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì. "Èmi ni mo mọ ìkòkò yẹn. Ara rẹ̀ nípọn, ó máa ń mu iná kó tó fún ọbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Mo fọwọ́ kàn án. Mo kígbe, mo fi ìka sẹ́nu. Ìkòkò náà gbóná janjan! Ibi tó sá sí nìyí! Mo ka ìyàwó mi mọ́ ìṣirò, mo ka èédú, ìkòkò nìkan ni n kò kà. Ọpọlọ mi gbé ọmọ odó, ti ìyàwó mi wà lórí rẹ̀.

Ó fi aṣọ wé ìkòkò náà bí ẹni wé ìkókó, ó gbé e lé àyà, ó dì mọ́ ọn. A ń wò ó. Ooru ń fi ìkòkò sílẹ̀, ó ń wọ inú rẹ̀. Òkúta kúrò ní orúnkún, ó kúrò ní kókósẹ̀. Agùnọ̀pá gun mẹ́sàn-án, ó gun mẹ́wàá, ó gun mọ́kànlá. Ó dúró níbẹ̀.

Ó ní, "Ìkòkò àti òun ti gbóná bákan náà wàyí. Ooru kò ní kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì mọ́. Ìlà kan kù."

Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ òkúta. Èédú ti tán, ìkòkò ti ṣe tirẹ̀, ọba sì ti ní kò sí ènì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kí ló tún kù nínú àgbàlá yẹn tó gbóná jù ú lọ? Ẹ̀yin ará mi, èmi ni! Ọ̀nà ti là lára rẹ̀, kò dì pa bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Mo ju ọmọ odó nù, mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí àyà mi. Mo gbọ́ bí ooru ṣe ń lọ. Ó rìn kúrò lára mi wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù. Òtútù wọlé sí àyè rẹ̀.

Ẹfúnwùmí mi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Méjìlá," Agùnọ̀pá wí. Ó di ẹnu àpò èéfín ọba, ó kí wa, ó lọ.

Bí mo ti sọ dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bó ẹ̀gúsí mọ́. Ọ̀ṣúnlékè ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni?"

N kò tíì dá a lóhùn tí Ẹfúnwùmí fi dé láti ìdí iná tó ti ń sun ìkòkò, eérú wà lápá rẹ̀. Kò bi wá ohun tí a ń sọ. Ó gba ẹ̀yìn mi wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò mí lọ́rùn.

Ó ní, "Ẹ gba ìlà yín."

Ooru náà wọ inú mi wá. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn ajá mi. Ìgbọ̀n ara mi dáwọ́ dúró. Mo bọ́ kíjìpá kan, mo bọ́ èkejì. Òun gbà á lọ́wọ́ mi, ó dà á bora nínú oòrùn ọ̀sán yẹn, ó jókòó tì mí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn pẹ́pẹ́.

"Díẹ̀ sí i, ẹ ó dá a padà fún mi," ó wí.

Mo ní, "Màá fi ènì sí i."

Ó fi ìgúnpá gún mi nígbáàyà. Ọ̀ṣúnlékè sì dìde, ó lọ sún igi sínú iná.